Kápúsù méjì nínú omi adìyẹ: bí lúkúlúkú ṣe wọ ẹ̀yìnkùlé kan ní Kúbwá

Kó tó di ọdún Kérésìmesì, adìyẹ 17 ló wà lẹ́yìnkùlé náà: léyà (adìyẹ ẹlẹ́yin) pupa 11 tó ti tó oṣù 14, Noiler (irú adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran àti ẹyin) 5, àti àkùkọ ìbílẹ̀ kan. Ilé wọn jẹ́ mítà 3 ní gígùn, mítà 2 àtààbọ̀ ní fífẹ̀, páànù lókè, nẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì, lẹ́búlẹ́bú pákó nílẹ̀. Ẹni tó ni wọ́n jẹ́ Àlhájà kan, ọmọ Ọ̀ffà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Àbújá, tí òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 10, jọ ń gbé. Ẹyin 8 tàbí 9 ni wọ́n ń kó lójúmọ́. Ẹni tó ta àwọn léyà náà fún un sọ pé wọ́n ti gba gbogbo àjẹsára wọn, ṣùgbọ́n kò fún un ní ìwé kankan. Láti oṣù 10 tí wọ́n ti délé rẹ̀, wọn ò tún gba òmíràn. Ní ti àwọn Noiler, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n gba nǹkan kan rí.

Ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ni wọ́n ra adìyẹ ìbílẹ̀ méjì lọ́jà láti fi ṣàlejò. Àlejò ò wá mọ́, ni wọ́n bá tú adìyẹ méjèèjì sáàárín àwọn tó kù lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀kan nínú wọn kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo ilé sì gbà pé òtútù ló pa á. Wọ́n fi ọ̀rá wé e, wọ́n sọ ọ́ sínú garawa ìdọ̀tí, ọkùnrin tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ́là sì gbé e lọ. Lúkúlúkú, àrùn adìyẹ tí òyìnbó ń pè ní Newcastle, sábà máa ń lo ọjọ́ 5 tàbí 6 lára adìyẹ kó tó fara hàn. Ó lè jẹ́ ọjọ́ 2, ó sì lè tó 15. Adìyẹ ọjà tó bá kú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó délé, ẹ má fi òtútù parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ká ní wọ́n ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òkú yẹn ì bá ti jẹ́ ìkìlọ̀ fún wọn lásìkò.

Ní ọjọ́ 5, Noiler kan dúró sí igun, ìyẹ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ dì, ó ń la ẹnu mí. Àlhájà ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe. Ó mú kápúsù tẹtirasáíkílìn méjì, ti ènìyàn, alápá pupa alápá yẹ́lò, 250 mg ìkọ̀ọ̀kan. Ó tú u sínú omi lítà 4, ó sì gbé e fún gbogbo wọn mu.

Lúkúlúkú, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. Tẹtirasáíkílìn kò lè fọwọ́ kàn án. Bakitéríà tó bá fẹ́ gun ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé ló lè dá dúró díẹ̀, ìyẹn tí ìwọ̀n rẹ̀ bá pé. Ohun tí kápúsù méjì yẹn ṣe ní ti gidi ni pé adìyẹ 18 mu omi náà, òògùn sì wọ ẹran ara gbogbo wọn àti ẹyin wọn. Òògùn tí wọ́n ṣe fún adìyẹ máa ń ní iye ọjọ́ lára páálí rẹ̀, iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó jẹ ẹran tàbí ẹyin náà. Kápúsù ènìyàn ò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá Àlhájà ka ọjọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bóyá kí wọ́n pa wọ́n jẹ, ìdérí ìkòkò ti dé pa.

Ọ̀rọ̀ ìkòkò yìí náà ló sì dé lọ́jọ́ kẹta. Láàárín òru ọjọ́ 6 sí àárọ̀ ọjọ́ 8, adìyẹ mẹ́ta ti kú. Ìgbẹ́ àwọn tó kù ṣàn bí omi, ó sì tutù yọ̀yọ̀ bí ewé tí wọ́n gún. Ẹyin jálẹ̀ láti 9 sí 3, ọ̀kan nínú mẹ́ta náà kò ní èèpo, ó rọ̀ lọ́wọ́ bí ọ̀rá píọ̀-wọ́tà. Aládùúgbò kan, ọkùnrin àgbàlagbà tó ti ń sin adìyẹ tipẹ́, wọlé wá wò wọ́n.

“Àlhájà, ẹ jẹ́ ká dúńbú àwọn tó kù kí wọ́n tó di òkúǹbete. Ẹni tó ń ta pẹ́ẹ̀pẹ́sùúpù lẹ́bàá títì yẹn á gba mẹ́jọ lọ́wọ́ yín lónìí.”

“Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bi àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ léèrè.”

Kò yẹ ká bú Bàbá yìí. Nínú ilé mùsùlùmí, àkókò díẹ̀ ló wà láàárín adìyẹ tó ń ṣàárẹ̀ àti òkúǹbete, ìyẹn ẹran tó kú fúnra rẹ̀ tí wọn kì í jẹ; àkókò yẹn náà ni ọ̀bẹ fi máa ń ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ ìlera ẹran tó bá lọ sírú ilé bẹ́ẹ̀ tí kò mọ ohun tó ń lé wọn sáré, á kàn máa pariwo “ẹ má pa á” ni, wọn ò sì ní gbọ́. Ẹni tí Àlhájà pè lórí fóònù mọ̀ ọ́n. Ó kọ́kọ́ béèrè òògùn tí wọ́n ti lò. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kápúsù, ó ní: “Àlhájà, ẹ gbàgbé ti jíjẹ. Kì í ṣe pé ẹ pẹ́ jù láti dúńbú wọn. Òògùn ti wọ inú wọn, wọ́n sì tún ń ṣàìsàn. Ẹ má jẹ́ kí adìyẹ kan, ẹyin kan, tàbí àpò ìgbẹ́ kan jáde kúrò nílé yín títí a ó fi mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.”

Ìdí tó fi le tó bẹ́ẹ̀ ni pé títí di wákàtí yẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì lè búra pé lúkúlúkú ni. Ọ̀fìnkìn adìyẹ, ìyẹn H5N1, máa ń pa adìyẹ bákan náà, ojú lásán kò sì lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àríwá mọ èyí dáadáa: ní oṣù Kejì ọdún 2006, oko adìyẹ kan ní Jáàjì, Ìpínlẹ̀ Kàdúná, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fìdí H5N1 múlẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Òun lè ran ènìyàn. Ẹni tó bá dúńbú adìyẹ tó ní in, tó rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, tó tu ìyẹ́ rẹ̀, tó fa ìfun rẹ̀ jáde, ti fojú kojú pẹ̀lú àrùn náà nígbà mẹ́rin. Nítorí náà, ọmọ-ọmọ Àlhájà kò gbọ́dọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ẹni kan ṣoṣo ló ń wọlé tọ̀ wọ́n, pẹ̀lú ìbòmú, ìbọ̀wọ́, àti bàtà tí kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé adìyẹ.

Méjì nínú àwọn òkú àárọ̀ ọjọ́ 8 ni wọ́n gbé lọ sí ilé-ìwòsàn ẹran ti yunifásítì ní Gwágwáládà, lẹ́yìn tí wọ́n ti pè ṣáájú. Ọ̀rá méjì ní orí ara wọn, inú kúlà tó ní yìnyín. Wọn ò fi sínú fírísà, torí bí ẹran bá di yìnyín tán, ohun tó yẹ kí dọ́kítà rí lára rẹ̀ á ti bàjẹ́. Wọn ò gbé adìyẹ alààyè dání rárá: ọkọ̀ èrò kan láti Kúbwá dé Gwágwáládà tó láti pín àrùn fún àdúgbò mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n là wọ́n, àmì ẹ̀jẹ̀ kéékèèké wà lára àpò kékeré tó ṣáájú iwe, bí ìgbà tí wọ́n fi orí abẹ́rẹ́ gún un kiri. Ọgbẹ́ wà nínú ìfun. Òwú tí wọ́n fi nu ọ̀fun àti ìdí wọn kò fi ọ̀fìnkìn hàn. Lúkúlúkú ni. Kò ní òògùn.

Adìyẹ 15 ló kù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 9, òṣìṣẹ́ ìlera ẹran náà pín wọn sọ́nà mẹ́ta. “Ṣé yóò yè?” ni gbogbo ilé ń bi í, kò sì dáhùn, nítorí kò sẹ́ni tó lè dáhùn ìyẹn. Ó mú ife omi, ó ti ẹnu adìyẹ kọ̀ọ̀kan bọ̀ ọ́ díẹ̀, ó dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ṣé ó gbé e mì? Ṣé ó padà sídìí ife fúnra rẹ̀? Ṣé ó lè gbé orí rẹ̀ dúró? Ṣé ó ń la ẹnu mí bó tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́? Mẹ́fà dúró dáadáa, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu. Márùn-ún ṣàárẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ń mumi bí wọ́n bá gbé e dé iwájú wọn. Mẹ́rin dùbúlẹ̀, orí nílẹ̀, ẹnu yà, omi ń ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu wọn. Mẹ́rin yìí ni wọ́n pinnu láti pa ní ìrọ̀lẹ́ náà. Dọ́kítà ní kí wọ́n kán Lasota, àjẹsára lúkúlúkú, sójú àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́, ó sì kìlọ̀ pé èyí tó bá ti kó àrùn náà sínú lè kú síbẹ̀. Ọ̀kan kú.

Wọn ò lo ọ̀bẹ, nítorí ẹ̀jẹ̀ adìyẹ lúkúlúkú, àrùn ni. Ọrùn ni wọ́n ń yọ. Ẹ fi ọwọ́ òsì di ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ ṣónṣó apá rẹ̀, kí adìyẹ dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan yín. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gba ẹ̀yìn orí rẹ̀ mú, kí ọrùn wà láàárín ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín, kí àtàǹpàkò wà lábẹ́ ẹnu. Ẹ fa orí náà sísàlẹ̀ ní ìfà kan ṣoṣo tó le, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá yọ, ìka yín á bọ́ sínú àlàfo láàárín orí àti egungun ọrùn. Adìyẹ á máa lu apá fún ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú ni kí ẹ wò: ẹ fi ìka kàn án. Bí kò bá ṣẹ́jú, tí kò sì mí mọ́, ó ti lọ. Adìyẹ tó bá ju kílò 3 lọ, tàbí tí ọwọ́ ẹni ò bá lágbára, pá igi tó nípọn bí igi ìgbálẹ̀ ni wọ́n ń gbé lé ọrùn rẹ̀ nílẹ̀, ní ẹ̀yìn orí gan-an. Ẹ ó tẹ igi náà ní ọ̀tún àti òsì, ẹ ó sì fa ẹsẹ̀ adìyẹ sókè gbọnrangandan.

Ọmọ àbúrò Àlhájà ló ṣe ti àkọ́kọ́, ó sì bà á jẹ́. Ó lọ́ ọrùn bí ìgbà tí wọ́n ń dé ìgò; ojú adìyẹ náà ṣì ń ṣẹ́. Òṣìṣẹ́ náà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó parí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìbẹ̀rù ló fà á: ẹni tó ń bẹ̀rù pé òun á fa á jù kì í fa á tó. Kó tó fọwọ́ kan èkejì, òṣìṣẹ́ náà ní kó fi èyí tó ti kú náà dán an wò nígbà mẹ́ta, kí ọwọ́ rẹ̀ lè mọ bí àlàfo yẹn ṣe ń rí. Àwọn tó kù lọ ní ìfà kan ìkọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí máa ti ara òkú bẹ̀rẹ̀.

Òkú náà di ìṣòro mìíràn. Ihò tó jìn tó mítà kan ló yẹ, tó sì jìnnà sí omi mímu tó mítà 30. Kò sí ibi kankan nínú ọgbà náà tó jìnnà sí borehole ju mítà 9 lọ. Wọ́n wá pinnu láti sun wọ́n nínú ààbọ̀ dúrọ́ọ̀mù. Iná àkọ́kọ́ jẹ́ kerosíìnì àti páálí: ìyẹ́ jó, awọ dúdú, inú ṣì tutù, èéfín sì gba àdúgbò. Wọ́n wá lu ihò mẹ́wàá sí ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, wọ́n to igi gbígbẹ sábẹ́, wọ́n tún to sókè. Ó gbà wọ́n ní wákàtí mẹ́ta kó tó di eérú. Ẹ má gbé òkú fún oníbọ́là. Ibi tó bá dà á sí, ajá àti igún á jẹ níbẹ̀.

Nínú àwọn márùn-ún tó ṣàárẹ̀, méjì burú sí i láàárín ọjọ́ méjì, wọ́n sì yọ ọrùn wọn. Ọ̀kan gbádùn. Méjì tó kù ni wàhálà bá: àkọ Noiler kan, àti léyà tí ọmọ-ọmọ Àlhájà ń pè ní Àbẹ̀kẹ́. Wọn ò kú, ṣùgbọ́n ọrùn wọn lọ́. Àbẹ̀kẹ́ á gbé orí rẹ̀ yí títí ojú rẹ̀ á fi máa wo páànù, á wá máa fi ẹ̀yìn rìn kiri bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Ọ̀rọ̀ wá di ti adìyẹ tó bà lókùn. Àlhájà ò fẹ́ pa á lójú ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ kó máa jìyà.

Ibí ni ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti yí padà. Òṣìṣẹ́ náà kọ̀ láti sọ pé kí wọ́n pa á tàbí kí wọ́n dá a sí. Ó ní kí wọ́n kọ àdéhùn sára kàlẹ́ńdà tó wà ní kíṣìnì kí ọwọ́ tó kan nǹkan: ọjọ́ 7, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 13. Láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó tó jẹun, wọ́n á wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n kíṣìnì. Bó bá pàdánù ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀ lọ, ó parí. Bí ilẹ̀ ọjọ́ keje bá ṣú tí kò tíì mumi fúnra rẹ̀, ó parí. Iṣẹ́ ìwé kíkọ di ti ọmọ-ọmọ náà. Àwọn àgbà ló ń pe nọ́ńbà láti ẹ̀yìn nẹ́ẹ̀tì, òun ń kọ ọ́ sínú ìwé ìkọ̀wé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó tún bá ẹlòmíràn jiyàn nílé náà. Nọ́ńbà ló ń sọ̀rọ̀.

Mááàṣì (oúnjẹ adìyẹ tí wọ́n lọ̀) tí wọ́n pò mọ́ omi ni wọ́n fi ń bọ́ ọ, pẹ̀lú síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Ọ̀nà èémí adìyẹ ṣí sílẹ̀ ní ìdí ahọ́n gan-an, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni wọ́n ń kán an sí díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń dúró kó gbé e mì. Ẹni tó bá tú u sí àárín ọ̀fun á rì í. Láàárọ̀, wọ́n á tẹ àpò ọ̀fun rẹ̀: ó yẹ kó ṣófo. Bó bá ṣì kún, oúnjẹ àná kò lọ, kí ẹ má sì tún fi kún un.

Àkọ Noiler lọ láti kílò 2.6 sí 2.05 ní ọjọ́ karùn-ún. Wọ́n yọ ọrùn rẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán. Àbẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1.72, ó já sí 1.55, ó dé 1.50, ó dúró, ó gun 1.51. Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, ó wọ̀n 1.54. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó fi ẹnu gbá ife omi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rí omi, ó sì mu. Wọ́n dá a sí. Àgbà kan tó gbọ́ èyí ní àánú ni wọ́n fi dá a sí. Rárá o. Àdéhùn ló dá a sí, àdéhùn kan náà ló pa Noiler.

Adìyẹ méje ló ṣẹ́kù. Wọn ò ra tuntun fún oṣù mẹ́ta, nítorí èyí tó gbádùn ṣì lè máa yọ àrùn náà síta nínú ìgbẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n kó lẹ́búlẹ́bú pákó jáde, wọ́n sun ún, wọ́n fi ọṣẹ fọ gbogbo nǹkan, ó gbẹ, kí wọ́n tó fi bílíìṣì. Bílíìṣì tí wọ́n bá dà sórí ìgbẹ́, omi lásán ni.

Ọ̀rọ̀ àjẹsára ni wọ́n tún tò. Ohun tó ń ṣe ọlọ́sìn kékeré ni pé ìgò Lasota tó kéré jù ní ṣọ́ọ̀bù máa ń tó adìyẹ 100 tàbí 200, ta ló fẹ́ ra ìyẹn torí méje? Àlhájà kó ilé márùn-ún jọ ní àdúgbò, pẹ̀lú Bàbá ọjọ́sí, wọ́n dá owó ìgò kan, wọ́n mú ọjọ́ kan fún gbogbo wọn. Inú yìnyín ni ìgò ń wà títí di àárọ̀ yẹn. Wọn ò fún adìyẹ lómi fún wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú. Lítà omi kan fún adìyẹ àgbà 25, omi tí kò ní kílórìn, gíráàmù 2 sí 2.5 mílíìkì lẹ́búlẹ́bú tí kò ní ọ̀rá fún lítà kọ̀ọ̀kan, ó sì gbọ́dọ̀ tán láàárín wákàtí méjì. Bàbá ló ń gbé kúlà kiri láti ilé dé ilé. Wọ́n kọ ọjọ́ náà, àti ọjọ́ tí òmíràn bọ̀, sára ilẹ̀kùn ilé adìyẹ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀dà.

Ní oṣù Kẹrin, Àbẹ̀kẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lójú kan. Kò yé ẹyin láti oṣù Kìíní. Ọmọ náà gbé e sórí òṣùwọ̀n: kílò 1.9.

“Màmá àgbà, ó ń sanra!”

Àlhájà fi ọwọ́ sí àyà adìyẹ náà. Egungun àyà yọ ṣóńṣó bí etí ọ̀bẹ, kò sí ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ sí ikùn: ó wú, ó rọ̀, ó ń mì bí ọ̀rá omi. Ẹyin tí kò gba ọ̀nà rẹ̀ ti ń bọ́ sínú ikùn, ibẹ̀ sì ti bàjẹ́. Òṣùwọ̀n tó gbà á là nígbà ọyẹ́ ló ń parọ́ fún wọn báyìí, ọwọ́ ló sọ òótọ́. Àlhájà fúnra rẹ̀ ló pe fóònù. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ló ṣe é ní ọ̀sán yẹn, ní ìfà kan. Nínú ìwé ìkọ̀wé náà, lábẹ́ gbogbo nọ́ńbà oṣù Kìíní, ọmọ náà kọ ọ́ pẹ̀lú bírò pupa: “Àbẹ̀kẹ́, 1.9. Omi ni.”